Àwòrán Ọmọ Tí Ebi Ń Pa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéú kan ní Èkìtì níhìn-ín bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni wíwo àwòrán ogun. Ó fi ọ̀kan hàn mí lórí fóònù: ọmọkùnrin àfín kan tó rù kan eegun, tó di agolo ẹran òfìfo mú. Don McCullin, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló yà á ní Bìáfírà ní 1969. Orúkọ ayàwòrán wà níbẹ̀. Ti ọmọ náà kò sí.

N kò ní kí a sun ún. Irú rẹ̀ ni aráyé rí ní 1968 tí àwọn aláàánú fi ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ láti São Tomé lóru.

Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ wa láti bo àṣírí ọmọnìkejì. Ta ló gbààyè lọ́wọ́ ọmọ yẹn? Ní 1972, Ben Enwonwu fi ọ̀dà ya ogun kan náà, ó sì fi ìjì pè é. Ìjì kò ní ìhòòhò. Àmọ́, ẹ dákun, ta ni yóò fi gààrí ránṣẹ́ sí ìjì?

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, kó tọrọ àánú Ọlọ́hun fún ọmọ náà, kó sì pa fóònù rẹ̀. Ó ní, “Àfáà, orúkọ wo ni kí n dá?”