Àyànmọ́, Àbùdá àti Àrán Ọjọ́ Ogbó

Nínú èrò Yorùbá, orí tí ènìyàn yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, ẹni tí ń mọ orí, ni ó ń darí ìrìn àjò rẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bíi Wande Abimbola ti fi hàn pé orí nìkan kò tó, nítorí pé ẹsẹ̀, èyí tí í ṣe ìgbìyànjú ọmọ ènìyàn, gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ìbéèrè kan wá dìde nípa àwọn arúgbó tí iyè wọn ti rà pátápátá: bí àbùdá tí wọ́n jogún bá lọ́wọ́ nínú àìsàn náà, ṣé àbùdá yìí ni àyànmọ́ wọn?

Nínú àwọn jíìnì, ìyẹn ẹyọ àbùdá tí à ń jogún, èyí tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni APOE, tí ara fi ń ṣe èròjà tí ń gbé ọ̀rá káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Oríṣi rẹ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀, E2, E3 àti E4, ènìyàn a sì máa jogún ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá àti ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Láti 1993 ni ó ti hàn pé E4 ń ṣí ọ̀nà fún àrùn Alzheimer, irú àrán tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana fi àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, E4 wà dáadáa lára ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn ní Ìbàdàn, níbi tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ọ̀kan lára ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ti kéré jù. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé, nínú 100 àgbà tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 1.15 ni Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 2.52 sì ni ní Indianapolis. Àbùdá kì í dá ṣe é, nígbà náà. Ibi tí ènìyàn ń gbé àti bí ó ṣe ń gbé níbẹ̀ náà ń sọ tiwọn.

Nígbà tí àìsàn bá ti wọra tán, tí jíjẹ àti gbígbé mì di ìṣòro, aláìsàn a máa rù, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ṣe lákòókò yìí lè jẹ́ ẹ̀rí ohun tí àrùn ti ṣe, kì í ṣe ohun tí ó fà á, nítorí náà ìwà ìkà ni kí ẹbí máa fi èsì rẹ̀ wá ẹ̀ṣẹ̀ aláìsàn. Èyí tí ó burú jù ni ti ìyá àgbà tí ń rìn kiri lóru, tí ń pe orúkọ àwọn tí ó ti kú, tí àdúgbò sì sọ di àjẹ́. Iyè ni ó sọnù, orí rẹ̀ kò sọnù, ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ojúṣe ọmọlúàbí ti bọ́ sọ́rùn àwọn tí iyè wọn ṣì pé: kí wọ́n máa fi ṣíbí fún un lógì díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà pá a lórí, kí wọ́n máa yí i padà lórí ibùsùn kí egbò má baà dá sí i lára, kí wọ́n sì pa ẹni tí ó bá pè é ní àjẹ́ lẹ́nu mọ́.