Ta Ló Pa Dírágónì Náà?



Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a parí kéú ní Command níbí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi na fóònù rẹ̀ sí mi tayọ̀tayọ̀. Eré RuneScape ni ó ń ṣe, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2001, tí ó sì dé orí fóònù ní 2018. Ẹni tí ó ń darí nínú eré náà wọ ẹ̀wù irin kan tí ń dán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀wù náà. Oziach tí ń tà á nínú eré yìí kò ní tà á fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó bá pa Elvarg, dírágónì erékùṣù Crandor. Dírágónì ni ejò ńlá abìyẹ́ tí iná ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá àwòrán ojú ọ̀nà tí wọ́n ya sí mẹ́ta, kí ó ra ọkọ̀ ojú omi tó ti lu, kí ó fi pákó àti ìṣó tún un ṣe, kí ó sì gba asà lọ́wọ́ olóyè ìlú Lumbridge, nítorí láìsí asà yẹn, iná Elvarg yóò jó o pa.

Mo kí i kú iṣẹ́. Ni ó bá rẹ́rìn-ín. "Àfáà, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti pa mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo fún lówó tó bá mi pa á."

Mo ní ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Ó ní ta ni òun parọ́ fún, nígbà tí kò sí dírágónì níbì kankan láyé? Ká sòótọ́, ìbéèrè náà pa mí lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Bí mo bá sanwó fún ẹni tó bá mi fọ aṣọ, aṣọ mi mọ́ náà ni, n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Hájì pàápàá, ẹlòmíràn lè bá aláìsàn tí kò lè rìn ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ aláìsàn náà ni yóò fi dá níyyah, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ẹ̀wù irin yẹn ló mú ọ̀rọ̀ dírágónì yàtọ̀. Ó ń jẹ́rìí fún gbogbo ẹni tó bá rí i pé ẹni tó wọ òun ti dé Crandor. Dírágónì lè jẹ́ àlá, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń pàdé ọmọ yìí nínú eré náà, ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n sì gba ẹ̀rí ẹ̀wù náà gbọ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti fi ẹni tó ń fi ohun tí a kò fún un yangàn wé ẹni tó wọ ẹ̀wù irọ́ méjì. Àwọn tó ni eré náà pàápàá fòfin de kí ènìyàn gbé orúkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn lò.

Ó ṣòro fún mi láti bá a wí tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó wá sí kíláàsì, òun náà sì ti kọ tèmi. Ìrànlọ́wọ́ ni a pè é. Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè jáde láti inú ẹ̀kọ́ ọjọ́ tí orúkọ mi wà níbẹ̀ tí èmi kò sí. Ọmọ yìí náà yóò jókòó fún WAEC lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn tó sì ń gbowó láti bá ènìyàn kọ ọ́ kò jìnnà sí wa. Ìdí rèé tí n kò fi lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló dùn ún jù. Eré náà kì í gbà kí orúkọ kan jẹ́ iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bá a jẹ ẹ́ tán, kò sì lè padà lọ ṣe é fúnra rẹ̀ mọ́. Ó ti fi orúkọ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, ó sọ fún mi pé òun ti rí ẹyọ kan nínú àwòrán mẹ́ta náà.