Àgọ́ Tàbí Ilé Onítáyà: Èwo Ló Ń Tọ́ Ọmọ?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń lọ sùn nínú igbó nígbà ìsinmi. Àwọn kan ń pa àgọ́. Àwọn mìíràn ń so ilé kékeré onítáyà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Ǹjẹ́ òbí tó fi àgọ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ kékeré kò ní kẹ́ ọmọ náà bàjẹ́?

Wọ́n ní àgọ́ ń kọ́ ọmọ ní ìfaradà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí ìnira rẹ̀ ló ń fara dà á. Ọmọ ọdún méjì tí òtútù ń mú lóru kò mọ ìdí kankan. Ìyà lásán ló ń jẹ. Ní ọgbà Yellowstone, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1872, ibùdó Fishing Bridge kì í gba àgọ́ aláṣọ nítorí béárì. Ta ni yóò pe òfin yẹn ní àkẹ́bàjẹ́?

Síbẹ̀, bí ọmọ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé onítáyà láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni wọ́n wá ṣe nínú igbó? Kí ògiri wà fún oorun, kí ilẹ̀kùn sì ṣí bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kí ọmọ bá wọn pọnmi, kó bá wọn fọ abọ́. Bó bá dàgbà tó sì fẹ́ sun inú àgọ́, kí wọ́n pa á fún un. Iṣẹ́ tí a fi lé ọmọ lọ́wọ́ ló ń kọ́ ọ, ibi yòówù kó sùn.