Ta Ni Ó Ni Ìbínú?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, èmi àti ẹnì kejì mi nínú yàrá kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Òun a máa kàwé sókè ní ìdájí. Mo fẹ́ wí fún un pé ó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n fáàrí Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́. Mo ní, "You irritate me." Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé mo wá di yèrèpè sí ọ lára ni?"

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì rí i pé kò ṣì mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn oníṣègùn ń lò fún ohun tí ó bá mú ara yún tàbí tí ó mú ojú pọ́n. "Annoy" ni ǹ bá wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbòǹgbò "annoy" gan-an burú jù: láti inú gbólóhùn Látìn tí ó túmọ̀ sí "nínú ìkórìíra" ni ó ti wá. Ìlò ni ó lọ̀ ọ́ kúnná.

"Vex" ni ó dá mi dúró. Lẹ́nu Òyìnbó, ẹlòmíràn ni í "vex" mi. Lẹ́nu àwọn tí ń sọ Pijin ní ìlú wa, èmi fúnra mi ni mo ń "vex". Èyí bá "inú ń bí mi" tan: inú mi ni olùṣe níbẹ̀, ẹni tí ó ṣẹ̀ mí kò tilẹ̀ sí nínú gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n "you irritate me" ti dá ẹlẹ́gbẹ́ mi lẹ́bi kí ó tó lanu.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti inú mi, ta ni yóò bá aláriwo wí? Òtítọ́ ni, ẹni tí a rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti nàka, Yorùbá náà sì ní "o bí mi nínú." Ṣùgbọ́n a kò rẹ́ mi jẹ. Ìdánwò ni ó ń ba ọmọ náà lẹ́rù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mo ní, "Jọ̀ọ́, n kì í rí oorun sùn, inú sì ń bí mi." Ó rẹ́rìn-ín. Abẹ́ igi máńgòrò ni ó ti ń kàwé láti ìgbà náà. Bí òjò bá ń rọ̀, a padà sínú yàrá, èmi a sì fi aṣọ bo orí.