Ìṣirò Tó Gbẹ̀mí Phil Valentine

Ọ̀pọ̀ ará Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó ń gbọ́ rédíò ló mọ ohùn Phil Valentine, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fẹ́ gbé owó orí tuntun dé, òun wà lára àwọn tó pe èrò jáde, tí wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀ yí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, títí ọ̀rọ̀ náà fi wọmi. Tí ó bá sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ń gbà á gbọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó kọ ìṣirò rẹ̀ síta. Ó ní kò jọ pé òun máa kó àrùn náà. Bí òun bá tiẹ̀ kó o, ewu kí ó pa òun kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní kí ẹni tó ní àìsàn lára lọ gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ dá, ó sàn kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún gbé orin kan jáde tó fi abẹ́rẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Jọ̀ọ́, má tíì kọjá ibí yìí. Phil kò sọ pé irọ́ ni Kòrónà. Ohun tó sọ jọ ohun tí ìwọ náà lè máa rò lọ́kàn: mi ò ní àtọ̀gbẹ, mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 61 ni, bẹ́ẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni Kòrónà ń pani sí i.

Ká gbà fún un, ká tiẹ̀ ní ẹyọ kan nínú 1,000 ni ewu náà. Nínú mílíọ̀nù kan tó bá kó àrùn náà, 1,000 òkú nìyẹn. Àwọn tí abẹ́rẹ́ náà sì bá lára jà gidigidi lójú ẹsẹ̀ kò ju ènìyàn díẹ̀ lọ nínú mílíọ̀nù kan tó gbà á, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní abẹ́rẹ́ sì ní oògùn rẹ̀ nítòsí. Kí ló dé tí kò fi ìkan wé èkejì?

Ìṣirò oṣù Kejìlá yẹn náà ló gbé wọ oṣù Keje ọdún 2021. Ẹ̀yà Delta tó ń yára ràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti gba ìgboro, abẹ́rẹ́ sì ti wà fún gbogbo àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tún un ṣírò.

Àrùn náà mú un. Ó kọ́kọ́ ní òun ń retí àtipadà sórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ tó fi wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n gbé e sí iyàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, ẹ̀rọ ló wá ń bá a mí. Ẹbí rẹ̀ kéde pé ó kábàámọ̀ pé òun kò ti abẹ́rẹ́ lẹ́yìn gidigidi, pé tí òun bá padà sídìí iṣẹ́, ohun tí òun máa sọ nìyẹn.

Kò padà. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ.

Ṣáájú ikú rẹ̀, Mark, ọmọ ìyá rẹ̀, sọ pé Phil ti rí i pé bí òun kò ṣe gba abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn má gbà á. Ìwọ tí ìyá rẹ àgbà, ọmọ iṣẹ́ rẹ tàbí ará ìjọ rẹ ń wo ojú rẹ kí wọ́n tó pinnu, má ṣe dá ìṣirò yìí ṣe. Lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, sọ ọjọ́ orí rẹ àti àìsàn tó bá wà lára rẹ fún un, kí o sì mú ìyá àgbà náà dání.