Ẹni Tí Ó Ta Ilé àti Ohun Tí Ó Gbìn

Nígbà tí ènìyàn bá ta ilé rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà pé ó kó àga, ibùsùn àti àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbà fún un pé kí ó ṣí páànù orí ilé tàbí kí ó tú ilẹ̀kùn lára ògiri. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni ó máa ń dá aáwọ̀ sílẹ̀. Òdòdó tí ìyá ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí ẹ̀bá ọ̀nà, igi ọsàn tí bàbá bomi rin títí ó fi so, ewúro ẹ̀yìnkùlé tí ẹbí ti ń já sè láti ọjọ́ pípẹ́: ṣé ara ilé ni wọ́n, tàbí ara ẹrù? Bí olùtà bá hú wọn lọ ní òru ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, ṣé ohun ìní rẹ̀ ni ó kó, tàbí ohun ìní ẹlòmíràn?

Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò gbin nǹkan rí. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré: kí ni ó sọ ohun kan di ti ẹni, ìgbà wo ni ó sì kúrò ní ti ẹni?

Ní ayé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yọjú láàárín àwọn Yorùbá, nítorí pé ilé àti ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé lọ sí ọjà. Ẹbí ni ó ni wọ́n. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà inú rẹ̀ ni ó gbọdọ̀ fi ohùn sí i kí ilẹ̀ tó lè bọ́ sí ọwọ́ àlejò. Ibẹ̀ ni a sin àwọn baba ńlá sí, ibẹ̀ ni a sì bo ibi ọmọ mọ́lẹ̀ sí. Láàárín àwọn Ìgbò ẹ̀wẹ̀, àṣà wà pé kí a ri ìwọ́ ọmọ sí ìdí ọ̀pẹ tàbí igi eléso mìíràn, kí igi náà sì di ti ọmọ náà. Níbi tí igi àti ènìyàn bá ti so pọ̀ báyìí, ta ni yóò máa bèèrè bóyá igi bá ilé lọ? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ilé ti di ohun títà ní àwọn ìlú ńlá, ìbéèrè náà ti wọlé dé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fẹ́ràn òdòdó púpọ̀, ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìlànà àtijọ́ kan ní èdè Látìn ni àwọn adájọ́ wọn ń tẹ̀lé: ohun tí a bá gbìn sínú ilẹ̀, ti ilẹ̀ ni. Nípa ìlànà yìí, òdòdó tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ bá ilé lọ sí ọwọ́ olùrà, àfi bí a bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ìkòkò tí ó ṣeé gbé jẹ́ ẹrù olùtà. Ní ọdún 1872, nínú ẹjọ́ Holland àti Hodgson, ohun tí wọ́n ń wádìí ni bóyá ẹ̀rọ ìhunṣọ tí a kàn mọ́ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́ ara ilé náà. Ilé ẹjọ́ ní kí a wo bí a ti so ohun náà mọ́ ilẹ̀ tó, kí a sì wo ìdí tí a fi so ó mọ́ ọn. Wọ́n sì dá a pé ara ilé ni. Lónìí, ẹni tí ó bá ń ta ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ ṣe, ohun tí ó ń fi sílẹ̀ àti ohun tí ó ń kó lọ, títí kan igi àti òdòdó ọgbà. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Èkó láti ọdún 1863, ìlànà yìí sì bá a dé.

Àṣà Yorùbá gba ọ̀nà mìíràn. Nínú rẹ̀, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni igi orí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ láti gbin kòkó a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Kòkó jẹ́ tirẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Onílẹ̀ náà a sì máa yọ ọ̀pẹ tí ó bá lórí ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn ún láìgba àṣẹ.

Ó dà bí ẹni pé òfin méjèèjì takora, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé. Gẹ̀ẹ́sì ní igi bá ilẹ̀ lọ, àfi bí a bá ti sọ̀rọ̀. Yorùbá ní igi lè yà kúrò lára ilẹ̀, bí a bá ti sọ̀rọ̀. Onílẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ tí ẹyìn bá pọ́n kí ó tó sọ fún àgbẹ̀ pé òun ni òun ni ọ̀pẹ. Ọjọ́ tí ó fún un ní ilẹ̀ ni ó ti sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ṣáájú owó, àdéhùn ni. Èyí tí a sọ lẹ́yìn owó, ẹ̀bẹ̀ ni. Èyí tí a kò sọ rárá, tí a sì lọ ṣe é, olè jíjà ni.

Olùtà lè dáhùn pé: “Èmi ni mo gbìn ín, òógùn mi ni ó mu dàgbà.” Òtítọ́ ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 pàápàá ka oko igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ mọ́ ilé àti kànga, lára ohun tí làálàá ènìyàn fi kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òógùn kan náà ni ó mọ ògiri, kò sì sí ẹni tí ó ń wó ògiri rù lọ. Iye tí a gbà lórí ilé ni owó òógùn náà. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé: ẹni tí ó ti gba owó igi kò tún lè gba igi.

Àwíjàre kejì wúwo ju èyí lọ. Igi mìíràn wà tí a gbìn ní ìrántí òkú ọmọ tàbí ìyá ẹni. Owó kò lè dípò rẹ̀. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìfẹ́ yìí gan-an ni ó mú kí ìdákẹ́jẹ́ burú sí i. Ẹni tí ó fẹ́ràn igi kan tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná ilé. Ohun tí a fẹ́ràn jù ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Kí ni ó wá ń dí olùtà lẹ́nu? Ìbẹ̀rù ni, pé bí òun bá sọ pé òun yóò hú máńgòrò ìwájú ilé lọ, olùrà yóò bu owó kù. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yìí ni ó dá ẹjọ́ náà. Bí owó yóò bá wálẹ̀ nítorí igi tí a yọ kúrò, a jẹ́ pé igi náà wà nínú ohun tí a ń tà. Olùrà ti jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀. Olùtà rí i pé ó jókòó, ó sì gba owó rẹ̀. Ahọ́n kò purọ́, ṣùgbọ́n a ti fi ìdákẹ́jẹ́ purọ́.

Ìwà ohun ọ̀gbìn fúnra rẹ̀ sì ti pèsè ọ̀nà àbáyọ. Igi ńlá tí a hú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń kú, nítorí púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù sínú ilẹ̀; olùtà pàdánù, olùrà pàdánù. Ṣùgbọ́n a lè gé ẹ̀ka pèrègún gbìn, a lè ṣa kóró ọsàn, a sì lè yọ ọmọ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìpa ìyá rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kí ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò ta ilé gé tirẹ̀ sínú ìkòkò ní àkókò òjò, kí olùrà tó dé rárá. Ìrántí náà yóò bá a lọ, ọgbà kò sì ní í di kòtò.

Olùrà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ó bá ti pinnu láti gé gbogbo igi náà kí ó lè da kọnkéré sí ojúde, tí olùtà sì wá bẹ̀ ẹ́ fún ìdí òdòdó kan, kí ni yóò jèrè bí ó bá kọ̀? Ẹ̀tọ́ lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kí ó sì fi ṣe ìkà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwọn olùkọ́. Nígbà tí a bá ṣí olùkọ́ nípò kúrò ní ilé tí ilé ìwé fi í sí, kò ta ilé, kò sì gba owó kankan. Ṣùgbọ́n ó fi ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òdòdó tí ó gbìn sílẹ̀. Àwọn kan a máa gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ kí ẹni tí ń bọ̀ má baà jẹ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé a sì dúró, wọn a máa wò ó. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò sí nínú ìwé kankan, wọn kò sì ní í gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni olùkọ́ náà, ní ilé tuntun tí ó ń lọ, yóò bá igi tí ẹlòmíràn gbìn, yóò sì ká èso rẹ̀ jẹ.