Ta Ni Èèwọ̀ Wà Fún? Ọbàtálá, Àjàlá àti Òfin Àkàndá Ẹ̀dá

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn àgbà ń pa fún wa, Ọbàtálá ló ń fi amọ̀ mọ ara ọmọ ènìyàn. Òǹgbẹ gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó mu ẹmu, ẹmu pa á, ọwọ́ rẹ̀ kò gún mọ́. Arọ, abuké àti àfín tó mọ lọ́jọ́ náà la ń pè ní ẹni òrìṣà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá ìtàn náà dúró sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Ọbàtálá dá, ara rẹ̀ ló fi èèwọ̀ dè: òun àti àwọn olùsìn rẹ̀ kò fẹnu kan ẹmu mọ́ títí dòní. Ó sì gba àwọn tó mọ náà ní tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. (Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹmu rárá, wọ́n ní bó ṣe wu òrìṣà ló ṣe mọ wọ́n.) Èyí tó wù kí á gbà nínú méjèèjì, kò sí ibi tí ẹ̀bi ti kan ẹni tí a mọ.

Èmi rò pé ibi tí òfin tó ka dídẹ́yẹ sí àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà gbà nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011, ṣùgbọ́n ti ìjọba àpapọ̀ pẹ́ nílẹ̀ kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2019. Ẹ wo abala 7 rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá lu òǹtẹ̀ fún àwòrán ilé tí kò bá ìlànà mu yóò san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Òfin kò bi ẹni tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ léèrè ìdí tí kò fi lè gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn láìsí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà ló mú. Ọwọ́ amọlé ni èèwọ̀ wà, bó ṣe wà lọ́wọ́ Ọbàtálá.

Àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ gba ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní 2024. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ báńkì ṣì ń lo ilẹ̀kùn ààbò tó ń gba ènìyàn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, èyí tí àga oníkẹ̀kẹ́ kò lè gbà kọjá. Owó ìtanràn mílíọ̀nù 1 náírà tí òfin bù fún iléeṣẹ́ tó bá dẹ́yẹ sí ènìyàn kéré lójú mi. Báńkì ńlá lè san án láìbojú wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló le jù, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí á gbọ́ odù Ifá tó ń jẹ́ Ogbè-Ògúndá. Ọbàtálá mọ ara, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mọ orí. Àjàlá ló ń mọ orí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni oníkálukú ti ń lọ yan tirẹ̀. Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ jọ gbéra lọ síbẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n fúnra wọn mú orí tó wù wọ́n lójú, wọn kò mọ̀ pé ó ti fọ́. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí náà bàjẹ́, iṣẹ́ àṣelàágùn wọn kò sì lérè. Bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí kò bá fojú mọ èyí tó fọ́, báwo ni agbanisíṣẹ́ ṣe ń wo ẹsẹ̀ arọ tàbí ojú afọ́jú lẹ́ẹ̀kan, tó ti mọ̀ pé kò lè ṣe é?

Ti Afùwàpẹ́ yàtọ̀. Ó fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀. Ó bá Àjàlá san gbèsè nígbà tí olówó wá sin ín, tí Àjàlá sá gun òkè àjà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá mú un wọlé, tó sì tọ́ka orí rere sí i. Kí àwọn tó ń pe òfin yìí ní ojúsàájú tún èyí gbọ́: orí rere pàápàá, ìrànlọ́wọ́ la fi yàn án. Òfin ní kí àkàndá ẹ̀dá tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, lára òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó". Gbólóhùn yẹn ni ihò tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń gbà sá jáde.

Ọ̀wọ̀ tí à ń fún ẹni òrìṣà náà ní àléébù tirẹ̀. A lè fún un ní sàárà lónìí, kí á fi í sílẹ̀ láìníṣẹ́ lọ́la. Òfin kan náà ló tún ka lílo àkàndá ẹ̀dá fi ṣagbe léèwọ̀.

Ẹni tí àbáwọlé ilé kan bá dí mọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé fi tó aláṣẹ ibẹ̀ létí, ìyẹn kò sì ní kí ó má lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ bá wọn kọ ìwé náà. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.